Ẹ Yé Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Rìn

₦18,000 ni mo san láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní oṣù mẹ́wàá péré ni mo pé tí mo fi rìn, kò sì sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gboyè ìjìnlẹ̀ kejì ní yunifásítì, tí mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, tí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìkankan nínú wọn kò gbà mí, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan ní Àbújá níbí. Ó ní ìgboyà ni kò hàn lára mi. Mo lọ.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n kó wa sí, àwa obìnrin bí ogún. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, lẹ téèpù funfun mọ́ ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ní kí a máa rìn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbé orí sókè. Fa èjìká sẹ́yìn. Má wolẹ̀. Gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ni ilé. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, tó máa ń wolẹ̀ bó bá ń rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni olùkọ́ dá a padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó kọjú sí gbogbo wa, ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ìdí tí ẹ ò fi ríṣẹ́ nìyẹn.” Ọmọ náà bú sẹ́kún. Àwa yòókù pàtẹ́wọ́ fún un, bí ẹni pé ẹkún náà wà lára ẹ̀kọ́ tí a sanwó fún. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọjà tí ọkùnrin yẹn ń tà ti gba ìgboro. Ó wà lórí fóònù, ó wà ní ilé ìjọsìn, ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ bí wọ́n ṣe máa ríṣẹ́. Ohun tí mo ní sí i ni pé ó ń sọ ìyà tí ìlú fi ń jẹ obìnrin di àbùkù ẹsẹ̀ obìnrin.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀. Máígáádì tó dúró lẹ́nu géètì báńkì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá yan wọlé ni “Madam, ẹ káàbọ̀”, ẹni tó bá rọra ń yọ́ bọ̀ ni wọ́n máa bi pé, “Ta lo wá rí?” Èmi gan-an máa ń na ọrùn bí mo bá dé irú ibẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá gágá torí pé ó na ọrùn, kó máa nà á lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí aráyé ń ṣe ni òwe yẹn ń sọ fún wa. Kò sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe dáa, kò sì sọ pé kí wọ́n máa gba ₦18,000 lórí ẹ̀.

Olùkọ́ wa pe nǹkan yìí ní sáyẹ́ǹsì, ó sì fi fídíò hàn wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì náà dé orí. Lọ́dún 2010, Dana Carney, Amy Cuddy àti Andy Yap tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 42 ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí àwọn kan na ara wọn gbalaja bí ọ̀gá, kí àwọn yòókù káwọ́ kásẹ̀ jọ bí ẹni tí òtútù ń mú, fún ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n yẹ itọ́ ẹnu wọn wò, wọ́n sì ní họ́mónù àwọn tó na ara yí padà, pé ọkàn wọn tún le sí i láti ta tẹ́tẹ́. Lọ́dún 2012, Cuddy gbé e dé orí pèpéle TED, fídíò náà sì kárí ayé. Nígbà tó di 2015, Eva Ranehill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìwádìí náà ṣe pẹ̀lú ènìyàn 200. Àwọn tó na ara ní lóòótọ́, agbára ń gùn àwọn. Ṣùgbọ́n họ́mónù wọn kò yí padà, ìṣe wọn náà kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ká ara jọ. Lọ́dún 2016, Carney, tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwádìí àkọ́kọ́, kọ ọ́ síta fúnra rẹ̀ pé òun ò gbà mọ́ pé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́ bí àwọn ṣe sọ. Cuddy ní tirẹ̀ kò yẹsẹ̀. Ó ní bó ṣe ń rí lára ènìyàn náà ní ìwúlò. Fídíò 2012 ni aláwọ̀ búlúù wa fi hàn wá. Kò mẹ́nu ba 2015, ká má tíì sọ 2016.

Tó bá sì jẹ́ pé ọrùn gígún ló ń sọni di ọ̀gá, àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù ní ọjà Wuse ni ìbá máa ṣe mínísítà. Ẹ lọ wo àwọn kayayei ní Accra, àwọn ọmọbìnrin tó ti àríwá Gánà wá láti máa fi abọ́ ńlá ru ẹrù oníbàárà nínú ọjà. Ẹ̀yìn wọn gún, ojú wọn wo iwájú, ẹsẹ̀ wọn kì í ṣi ilẹ̀ tẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti èrò. Lọ́dún 1986, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà: wọ́n lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, kí agbára tí wọ́n fi ń rìn má sì ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ni ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá ìyá mi, tó fi oṣùká àti agbọ̀n iṣu tọ́ ọmọ mẹ́fà, rìn bí olorì títí ó fi kú. Àwọn ọmọ ló dáwó ra pósí rẹ̀.

Síbẹ̀, èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé Àbújá ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, Àbújá yìí kan náà.

Láàárín ọdún 2011 sí 2013, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó àyíká ìlú, pẹ̀lú ọlọ́pàá àti sójà, gbá obìnrin mẹ́rin mú lójú títì ìlú yìí ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dorothy Njemanze, òṣèré, wà nínú wọn. Wọ́n fìyà jẹ wọ́n, wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò tọ́, wọ́n sì pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Kí ni ẹ̀rí wọn? Pé obìnrin ni wọ́n, ilẹ̀ sì ti ṣú. Àwọn obìnrin náà gbé Nàìjíríà lọ sí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, tó fìdí kalẹ̀ sí Àbújá níbí. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé mímú tí wọ́n mú wọn kò bá òfin mu, pé ẹ̀yà ìjọba kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí obìnrin lójú títì lóru kó sì pè é ní aṣẹ́wó, nítorí kò sí ẹni tó ń pe ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní nǹkan kan. Wọ́n ní Nàìjíríà ti rú Àdéhùn Maputo lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, wọ́n sì ní kó san ₦6,000,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n tún jáde lóru, wọ́n tún kó obìnrin rẹpẹtẹ, ẹ̀sùn kan náà.

Nítorí náà, mo fẹ́ bi olùkọ́ wa: irú ìrìn wo ni ká rìn? Bí mo bá gbé orí sókè, tí mò ń wojú ènìyàn, tí mò ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ni ilẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Wuse, wọ́n á ní oníbàárà ni mò ń wá. Bí mo bá wolẹ̀ tí mò ń sáré, wọ́n á ní n kò nígboyà. Bí mo bá yan wọ ọjà, ẹnì kan á fà mí lápá, á tún bú mi bí mo bá já apá mi gbà. Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi wọ́de ní ọjà Tejúòṣó ní Yábà lóṣù Kejìlá ọdún 2018 nìyẹn. Bí mo bá sì délé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dúró dè mí: “Ìrìn rẹ yìí, ọkọ wo ló máa gbà á?” (Òun gan-an máa ń yan. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀.)

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, èmi àti ọmọbìnrin tó sunkún jọ wọkọ̀ lọ sí Berger. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí, kò tọ́pẹ́.” Ó wá sọ fún mi pé ìgbà tí òun ń sìnrú ìlú ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí ilé tí wọ́n fún wọn, àwọn ọkùnrin kan sì máa ń jókòó síbẹ̀ lálaalẹ́. “Bí mo bá wojú wọn, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Bí mo bá wolẹ̀, ìgbà mìíràn wọn kì í rí mi.” Ọdún kan gbáko ló fi rìn bẹ́ẹ̀, ó sì ń délé láyọ̀. Ọgbọ́n ni. Òun ló hùmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbà á là, ni ọkùnrin kan tí kò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí wá na ìka sí i níwájú ogún ènìyàn pé àrùn ni.

Ẹni tó bá fẹ́ gbowó wa láti kọ́ wa ní ìgboyà, kó tẹ ìdájọ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá yẹn sórí ìwé kó pín in fún wa, kó tún fi nọ́ńbà lọ́yà tó máa gbé fóònù lóru kún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé irú àwọn olùkọ́ yìí wá sọ́fíìsì, kí wọ́n fi owó náà wá ọkọ̀ tó máa gbé òṣìṣẹ́ obìnrin délé bí aago mẹ́jọ bá kọjá. Kí àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò bi wá ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Kí ìjọba ìlú yìí tan iná ojú títì, kó sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ kó wa lóru.

Wọ́n fún wa ní sátífíkéètì lọ́jọ́ yẹn. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìwé iná mànàmáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìpele kejì ti ṣí sílẹ̀, ₦25,000: bí a ṣe ń jókòó. N kò tíì dá wọn lóhùn.