Ẹ Má Tíì Pa Sáfà Náà
Ó máa ń ká mi lára tí wọ́n bá pa sáfà tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì tún un tàn, torí kí wọ́n lè yí ibi tí ìròyìn kernel rẹ̀ ń lọ padà. Àríwá Èkìtì kì í ṣe ibi tí a ti ń fi irú èyí ṣeré: Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ilé ìwòsàn ìkọ́ni sì wà ní Ìdó. Bí sáfà bá kú níbi tí dókítà ti ń wá fáìlì aláìsàn ńkọ́? Lórí Linux, netconsole máa ń fi ọ̀rọ̀ kernel ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn nípasẹ̀ UDP, kódà nígbà tí dísìkì kò bá gbà á mọ́. Bí CONFIG_NETCONSOLE_DYNAMIC bá wà nínú kernel náà, ẹ ṣí fódà tuntun sábẹ́ /sys/kernel/config/netconsole, ẹ kọ àdírẹ́sì sí remote_ip, kí ẹ sì kọ 1 sí enabled. Fódà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, 0 ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí enabled rẹ̀ kí ẹ tó yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Bí ìròyìn náà yóò bá ti Ìkọ̀lé gba ráótà kọjá dé Ọ̀yẹ́, àdírẹ́sì MAC ti ráótà yẹn ló yẹ kó wà nínú remote_mac. Ohun tó dùn mí jù ni pé inú mẹ́mórì ni ọ̀rọ̀ kernel tí àṣẹ dmesg ń fi hàn wà. Ẹni tó tún ẹ̀rọ tàn lè ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí tó ń wá rẹ́. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ tí netconsole ń fi ránṣẹ́ ń rìn, torí náà ẹ má ṣe gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbogbò.