Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò, Àga Ọkọ̀ Níye

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ọgbà ìgbafẹ́ ní Orlando rí lásìkò tí iléèwé gba ìsinmi. Níbẹ̀, ọkọ̀ eré kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń wọ́ tọ̀, àga inú rẹ̀ sì níye. Bí ẹnì kan bá jókòó, ẹlòmíràn á dúró. Orí àga tó níye yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí: ṣé ó tọ́ kí ẹni tó lówó san owó mìíràn lé owó ẹnu ọ̀nà, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára àwọn tó ti tò ṣíwájú rẹ̀? Nílé, àwọn ọmọ iléèwé ń pe irú rẹ̀ ní ṣọ́ǹtì, ẹni tó bá sì dán an wò nídìí epo bẹntiróòlù á gbọ́ èébú tó kan bàbá ńlá rẹ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń ta á, wọ́n sì ń já rìsíìtì fún un.

Lọ́dún tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Florida, òun àti ọkọ rẹ̀ mú mi lọ sí ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlà méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ eré náà. Ti apá òsì, níbi tí àwa wà, wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín irin, fáànù ńlá sì ń fẹ́ ooru lé wa lórí. Ti apá ọ̀tún dá bí iléèwé lọ́jọ́ Sátidé. Pátákó kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú 75 la ó fi dúró. Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan dúró, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wa pé ká ní sùúrù, ó jẹ́ kí bí ogún ènìyàn wọlé láti ọ̀tún, kó tó fi ìka pe mẹ́rin nínú tiwa. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó ka wọn dé 61, ó bi mí pé, “Bàbá àgbà, ṣé àwọn yẹn ò mọ̀ pé ìlà ló wà níbí ni?” Mo ní wọ́n mọ̀, wọ́n sanwó ni. Ó ní, “Ta ni wọ́n san án fún?”

N kò tètè rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe owó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà ti mọ FastPass kí Disney, ilé iṣẹ́ tó ni ọgbà ìgbafẹ́ ní Florida àti California, tó mọ̀ ọ́n. Garawa ní í tò nídìí ẹ̀rọ, kì í ṣe ènìyàn. Ìyá á gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, á mọ ẹni tó wà níwájú òun àti ẹni tó wà lẹ́yìn, á wá lọ máa dá iná ọbẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Disney ṣe ní 1999, tí wọ́n pè ní FastPass, gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà eré nígbà náà, ẹ ó ki tíkẹ́ẹ̀tì yín bọ̀ ọ́, á pọ ìwé pélébé kan tó kọ wákàtí tí ẹ ó padà wá sí. Kọ́bọ̀ kò kúrò lápò yín. Olówó àti mẹ̀kúnnù, ìwé kan náà ni wọ́n ń gbà, ìyàtọ̀ kò sì sí ju ẹni tó jí dé ibẹ̀ láàárọ̀ àti ẹni tó sùn gbàgbé.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ garawa tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbé garawa kan wá, ọ̀rọ̀ dùn. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbé mẹ́ta wá, ìlà á di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀rọ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kí omi rẹ̀ yára. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ń bá a tò nídìí eré kan kò lọ dá iná ọbẹ̀, ìdí eré mìíràn ló lọ dúró sí. Ẹnì kan ṣoṣo ti wà ní ibi méjì, eré kékeré tí ènìyàn kì í fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró dè tẹ́lẹ̀ wá di ibi ìdúró gígùn. Ní 2021, Kevin Perjurer, ẹni tó ń ṣe fíìmù ìtàn ọgbà ìgbafẹ́ lábẹ́ orúkọ Defunctland, gbé fíìmù kan tó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ jáde lórí FastPass nìkan. Ó fi kọ̀ǹpútà dá ọgbà àfinúrò kan sílẹ̀ láti wo bí ó ṣe ń rí. Ohun tó hàn ni pé àwọn tó mọ ọgbọ́n rẹ̀ ń jèrè, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ wọn san gbèsè náà.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí ṣì jẹ́ o. Àrùn kòrónà ló ti ọgbà pa ní 2020. Nígbà tí nǹkan padà sípò, ní oṣù kẹwàá 2021, ohun tí wọ́n gbé wá sí Florida ni Genie+, dọ́là 15 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ nígbà náà, inú fóònù la ti ń rà á. Àwọn eré tí wọ́n gbà pé ó dùn jù, wọ́n yọ wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ń ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí oṣù kẹwàá 2024 ni Lightning Lane Premier Pass dé. Ẹni tó bá rà á kò ní í dá àkókò fún ẹnikẹ́ni, ìgbà tó bá wù ú ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ̀ẹ̀kan nídìí eré kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà Disney ní Florida, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ni dọ́là 329 sí 449, ọjọ́ ló ń sọ èyí tí ẹ ó san, owó ẹnu ọ̀nà kò sì sí nínú rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta lọ́jọ́ tó wọ́n jù: dọ́là 2,245, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Kí n má baà di agbẹjọ́-ẹnìkan-dá: àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ wo ìdílé tó ti Èkó wá, tó sanwó físà, tó sanwó bàálù, tí ọjọ́ kan ṣoṣo sì wà fún wọn kí wọ́n tó kọjá sí Houston lọ kí ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń gbé Orlando lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kò lè padà wá ní ọdún mẹ́wàá. Bí dọ́là díẹ̀ bá lè gba ọjọ́ yẹn là fún àwọn ọmọ, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ní kí wọ́n má san án? Orúnkún àgbà náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, tèmi pẹ̀lú.

Wọ́n tún ní owó ti ń pín àwọn ènìyàn níyà ní ọgbà wọ̀nyí látìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí Walt Disney ṣí Disneyland ní California ní 1955, ẹ ó san owó ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sì tún san owó eré kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dì í sínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi lẹ́tà pín, A fún eré ọmọdé, títí dé E, tó dé ní 1959, fún eré tí ń mú ọkàn fò sókè. Ọdún 1982 ni wọ́n tó fòpin sí i, tí owó ẹnu ọ̀nà wá di àsanpọ̀. Ẹni tó lówó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì E mẹ́wàá, kí tálákà ra ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i: ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tò sí. Owó olówó ra púpọ̀ fún un, kò ra iwájú fún un.

Bákan náà ni àfiwé bàálù tí wọ́n máa ń mú wá, pé ẹni tó sanwó jù ló ń jókòó níwájú. Ẹni tó jókòó níwájú bàálù, tó ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kò gba àga mi. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa balẹ̀ ní Ìkẹjà nígbà kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé títa àga tirẹ̀ ló mú kí wọ́n sún èmi sí bàálù ọ̀la, ṣé mo máa dákẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ eré kan lè kó 1,200 ènìyàn ní wákàtí kan, tí ẹni 600 sì tò sí apá òsì. Ìdajì wákàtí, gbogbo wọn ti wọlé. Bí wọ́n bá wá ta 900 nínú àga wákàtí kan fún apá ọ̀tún, 300 ló kù fún òsì. Àwọn 600 yẹn á dúró fún wákàtí méjì. Ọkọ̀ kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kò fi àga kan kún un. Àkókò tí apá ọ̀tún jèrè, inú wákàtí kan àbọ̀ tó kún ìdúró ẹnì kọ̀ọ̀kan lápá òsì ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ibi tí ìbéèrè ọmọ-ọmọ mi ti mú nìyẹn. Àsìkò ta ni wọ́n tà? Tiwa ni. Ta ni wọ́n san owó rẹ̀ fún? Onílé. Onílé ní ọkọ̀, ó ní irin, ó ní fáànù, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 75 tí mo fi dúró, kò sí nínú ohun tó ní. Èyí tó tún burú jù ni pé bí ìlà òsì bá kúrú, kò sẹ́ni tí yóò ra ọ̀tún. Ìlà gígùn ni ìpolówó ọjà. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta agbòjò kì í gbàdúrà kí ọ̀dá dá.

Michael Sandel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ní 2012, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ọgbà kan ń gba ẹ̀yìnkùlé mú àwọn tó sanwó wọlé, kí ojú àwọn yòókù má baà rí wọn. Lójú tèmi, ohun tí a bá ń fi pamọ́ fún oníbàárà, a ti mọ̀ pé yóò bí i nínú ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ló dùn mí jù. Disney ní káàdì kan tẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìdúró gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní oṣù karùn-ún 2013, ìwé ìròyìn New York Post gbé e jáde pé àwọn ìyá olówó kan ní Manhattan ń háyà aláàbọ̀ ara ní dọ́là 130 fún wákàtí kan, kí ó bá wọn rìn bí ẹbí. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, wọ́n ti fagi lé káàdì náà. Wọ́n ṣe ètò mìíràn tó ń fún aláàbọ̀ ara ní wákàtí tí yóò padà wá, bí ìlà bá ṣe gùn tó. Ní 2024, wọ́n tún dín àwọn tó lè gbà á kù. Báyìí, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í lè fara da ariwo àti ìhámọ́ ni yóò máa ṣàlàyé àìsàn ọmọ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà ti lọ sílé, orí ẹlòmíràn ni òkò ọ̀hún wà.

Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, n kò ní fa gbogbo ìlà ọ̀tún tu. Garawa kan fún ilé kan, lọ́fẹ̀ẹ́, bíi ti 1999, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀. Kí òbí tó ní ọmọ ọwọ́ máa gbà fún ara wọn láìtún tò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ títí di òní. Bí títà kò bá sì ṣeé yẹ̀, kí àga tí wọ́n ń tà má ju ọ̀kan nínú mẹ́wàá lọ, kí pátákó sọ iye ìṣẹ́jú tí títà yẹn fi kún ìdúró wa, kí wọ́n sì yọ nínú owó ẹnu ọ̀nà fún ẹni tó tò sí apá òsì. Mo mọ̀ pé ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a tún lọ. Àna mi kò bi mí léèrè, ó ti ra ti apá ọ̀tún sínú fóònù rẹ̀. Ó ní, “Dádì, orúnkún yín ò lè gba ti ọdún yẹn mọ́.” N kò bá a jiyàn. A kọjá wẹ́rẹ́, ọmọbìnrin kan na àtẹ́lẹwọ́ sí àwọn tó wà lápá òsì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Ọmọ-ọmọ mi, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń yíjú padà, ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní kó má kà wọ́n mọ́, kó máa bọ̀, ọkọ̀ ti dé.