Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Ń Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé láti kọ́ iṣẹ́ dókítà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ì báà ṣe Ṣàgámù lẹ ń lọ, ì báà ṣe Ìbàdàn tàbí Èkó. Kí àwọn òbí yín náà bá mi gbọ́ ọ.

Ọ̀nà náà jìn. Ọdún mẹ́fà ni, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ọdún kìíní á dà bí ẹni ṣì wà ní girama: físíìsì, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì. Ọdún kejì àti ìkẹta lojú á là, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò tó wà lópin rẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wọ wọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá sì jáde tán, ọdún kan ṣì kù tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ pátápátá.

Èmi ò dé yunifásítì, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan púpọ̀ sórí. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn ò sì lóǹkà. Ọmọ awo kì í gbé e mì lóòjọ́. Á gba díẹ̀ láàárọ̀, á máa pè é lẹ́nu bó ti ń gbálẹ̀, lálẹ́ á kà á fún olúwo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kó tó gba tuntun, á kọ́kọ́ ka ti àná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe é. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun inú rẹ̀ fún ara yín. Wíwo ìwé lásán máa ń tan èèyàn jẹ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ sì máa sùn o!

Àwọn kan nínú yín ń bi mí bóyá èèwọ̀ ni òkú tí wọ́n ń gé wò. Èmi ò rí èèwọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ ó fi gba ẹlòmíì là. Èèwọ̀ ni kí ẹ fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí kí ẹ yà á ní fótò. Ọmọ ẹnìkan ni. Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ kí i nínú ọkàn yín. Àwa tí à ń bọ egúngún, ilé la ti kọ́ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òkú.

Láti ọdún kìíní ni ará àdúgbò á ti máa pè yín ní dókítà, wọ́n á ní kí ẹ wá kọ oògùn fáwọn. Ẹ má dán an wò. Babaláwo tí kò mọ odù tó jáde á ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ìtìjú níbẹ̀. "Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù" ti gba ẹ̀mí là.

Bí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ ó rí aláìsàn tó ti mu àgbo kó tó dé. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn, á ní òun ò mu nǹkan kan. Wọ́n á wá fún un ní oògùn tí kò bá àgbo yẹn rẹ́, ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ á sì jìyà. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ ewé, ẹ má fi pa mọ́ torí pé wọ́n ń pè yín ní ọmọ babaláwo.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Ní Aro, láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn tó ní àrùn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ọsibítù, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Kò sọ ìmọ̀ òyìnbó nù, kò pe tiwa ní ìranù. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Orí yín á gbè yín. Ọ̀sanyìn á là yín lójú. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Àṣẹ.