Sí Ẹ̀yin Òbí Tí Ọmọ Yín Yára Nínú Omi

Ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní London àti Birmingham, ní Manchester àti Leeds, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ọmọ kò sì ṣe é fi ṣeré. Àwọn kan wà nínú yín tí Ọlọ́run fi ọmọ tí ara rẹ̀ bá omi mu jíǹkí; bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ti tó ọmọ ọdún 12 tàbí 13, tí ó ń fi ẹ̀yìn han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú adágún ìwẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri láti wá ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá fún un, wọn a máa ka iye àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà ní ọdún tó kọjá, èyí tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni wọn yóò fa ọmọ lé lọ́wọ́.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó wá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ kankan, ẹ bi àwọn alákòóso rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ó borí gbogbo ìbéèrè yòókù: àwọn ọmọ ọdún 13 tí ó gba àmì ẹ̀yẹ fún yín ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, níbo ni wọ́n wà báyìí tí wọ́n ti di ọmọ ọdún 18? Bí ẹ bá gbọ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò tí ì fi omi sílẹ̀, pé àwọn kan ń díje fún yunifásítì wọn, pé àwọn kan ń ran kóòṣì lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ jókòó kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, tí ẹ sì wá gbọ́ pé èyí fi eré náà sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 nítorí èjìká tí ń dùn ún, tí tọ̀hún fi í sílẹ̀ nítorí pé omi ti sú u, a jẹ́ pé ọwọ́ tí ń já èso kí ó tó gbó ni ọwọ́ wọn.

Ìyára ọmọ ọdún 13 a máa tan ni jẹ. Ara àwọn ọmọ kì í dàgbà lọ́jọ́ kan náà: àwọn ọmọbìnrin sábà máa ń yára ga jù lọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, àwọn ọmọkùnrin ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, ẹlòmíràn a ṣáájú, ẹlòmíràn a sì kẹ́yìn, nítorí náà ọmọkùnrin tí ó tètè ga, tí èjìká rẹ̀ tètè fẹ̀, lè máa borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, kì í ṣe nítorí pé ó mọ omi jù wọ́n lọ, bí kò ṣe nítorí pé ara tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Ẹ tún wò ó pé ní ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè ní ilẹ̀ yìí, iye ọdún tí ọmọ yóò ti pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni wọ́n fi ń pín wọn sí ọ̀wọ́, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní àti èyí tí a bí ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni yóò jọ wọ omi, bẹ́ẹ̀ ọdún kan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín wọn. Kí òbí ọmọ tí ń borí má ṣe tìtorí èyí gbéra ga, kí òbí ọmọ tí ń kẹ́yìn má sì ṣe rẹ̀wẹ̀sì; kóòṣì tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó gbówọ́ àti ọmọ tí ó tètè dàgbà ni kí àwọn méjèèjì máa wá.

Ẹ wo Adam Peaty, akọni inú omi, ẹni tí ó gba wúrà ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016 nínú ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ń ta ẹsẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 57.13 parí 100 mítà, tí ó sì tún gba irú wúrà kan náà ní Tokyo ní 2021. Omi ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Mel Marshall ní Derby. Obìnrin náà, tí òun pàápàá ti lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì ní Òlíńpíìkì, kò rí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu nínú ọ̀nà tí ọmọ náà ń gbà fi apá wa omi, ó sì fi í sí ìlà àwọn tí kò yára. Ìgbà tí ó wá rí i tí ó ń ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ ni ó mọ̀ pé ẹ̀bùn tí ó fara sin ni òun ń wò. Òun kan náà ni ó ṣì ń tọ́ ọ sọ́nà nígbà tí ó gba wúrà méjèèjì. Irú kóòṣì tí mo ń wí nìyẹn: kóòṣì tí kì í sọ ohun tí ọmọ jẹ́ kí ó tó wò ó ní ìwòfín, tí ó sì lè dúró tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ kúrò nídìí ìwé ìpolongo, ẹ lọ dúró sí etí omi. Ẹ wo iye ọmọ tí ó wà ní ìlà kan, nítorí ibi tí wọ́n bá ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn lójú, ẹ̀kọ́ kò lè pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wò bóyá kóòṣì ń bá ẹni tí ó kẹ́yìn sọ̀rọ̀ bí ó ti ń bá ẹni tí ó ṣáájú sọ. Ẹ wò bóyá ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 13 lo irú ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì lọ jìnnà nínú omi, tàbí 50 mítà kan ṣoṣo tí ó ń mú wúrà wálé kíákíá ni ó ń lé. Ẹ béèrè bí ẹgbẹ́ náà bá ń rí adágún oní-50 mítà lò, nítorí ọmọ tí ó yára ní ti 25 mítà, níbi tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri lemọ́lemọ́, lè rí i pé omi gùn ju bí òun ti rò lọ. Ẹ sì béèrè iye òwúrọ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú omi ní agogo márùn-ún ààbọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ìdánwò GCSE bá dé. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi fún ọmọdé, ẹ yẹra fún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣe é fi falẹ̀. Swim England, àjọ tí ń ṣàkóso eré yìí, ní ìwé ìlànà ààbò ọmọ tí wọ́n ń pè ní Wavepower, ó sì di dandan kí ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yan ẹni tí ń mójú tó ààbò àwọn ọmọ. Ẹ béèrè orúkọ onítọ̀hún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì rí ojú rẹ̀. Láti 2022 ni òfin ilẹ̀ England àti Wales ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún kóòṣì láti ní ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ìbáà ṣe pé ọmọ náà gbà. Kóòṣì tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní kọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ kí òbí máa wo ibi tí ó ti ń kọ́ni, ìbáà ti sọ ọgọ́rùn-ún ọmọ di olúborí, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú sì ní ìbéèrè tiwa. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé egungun wa wúwo, pé omi kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n Alice Dearing, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, tí a bí ní Birmingham, lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà mẹ́wàá ní Òlíńpíìkì Tokyo, òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì ní Òlíńpíìkì. Ní Tokyo yẹn kan náà, Abiola Ogunbanwo, ọmọ ọdún 17, fi ìṣẹ́jú àáyá 59.74 lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà fún Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọdún 2021 yẹn ni àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé kọ̀ láti fọwọ́ sí Soul Cap, fìlà ìwẹ̀ tí ó gba irun dídì àti irun tí ó kún, títí di 2022 kí wọ́n tó yí ohùn padà. Ẹ bi ẹgbẹ́ náà ohun tí wọ́n ń ṣe nípa irun ọmọbìnrin yín. Ẹni tí ó bá fi irun rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ kò lè pa á mọ́ sínú omi di ọmọ ọdún 18.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, àwọn òbí bíi tiyín ni ó ń ṣàkóso wọn láìgba owó, àwọn ni ó ń di aago mú ní etí omi. Bí ẹ bá san owó oṣù tí ẹ kò yọjú, a jẹ́ pé ààbọ̀ ni ẹ san. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ẹ san gbèsè tí ẹ bá jẹ, kí ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ yín ní bí a ti ń mí nínú omi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ìwọ náà, ọmọ tí à ń torí rẹ̀ sọ̀rọ̀, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Má ṣe jẹ́ kí ìyára rẹ sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣe é kọ́. Bí èjìká bá ń dùn ọ́, sọ ọ́. Bí ohun tí kò yẹ bá ṣẹlẹ̀, sọ ọ́ kíákíá, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é. Ẹgbẹ́ tí a bá yàn, ẹnu tìrẹ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ìwọ ni yóò jí ní òru, kì í ṣe bàbá rẹ.

Olódùmarè yóò dá ọmọ yín sí, omi kò ní gbé wọn, àgbà wọn yóò sì dùn ju èwe wọn lọ. Bí wọ́n bá di ọmọ ọdún 18, kí ó jẹ́ pé tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n ṣì ń wọ omi.

Èmi ni bàbá yín tí ń fẹ́ ire yín.