Alábòójútó Ìgbàsílẹ̀ fún Gbogbo Kọ̀ǹpútà Inú Ilé



Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ ata yín lọ́wọ́ ní Mushin, kò sí ẹni tí yóò da èyí tí ó ti kúnná nù. Ẹ ó dúró kí iná dé, wọn ó sì lọ ìyókù. Ṣùgbọ́n dátà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dà nù lójoojúmọ́. Fáìlì ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbà sórí kọ̀ǹpútà dé ìlàjì, iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì já, a sì tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti ra ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100, àdánù yìí ti kúrò ní kékeré.

Ètò kan wà tí ń gba ni lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ń pè ní alábòójútó ìgbàsílẹ̀. Ó ń sàmì sí ibi tí fáìlì dé. Bí iná bá dé, ibẹ̀ ni yóò ti máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í sọ fáìlì di kékeré o: gígábáìtì 1 kò ní yé jẹ́ gígábáìtì 1. Bí ibi tí fáìlì náà wà kò bá sì gbà láti máa fún ni láti àárín, kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá sí i.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ wo àwọn kọ̀ǹpútà tí ń bẹ nínú ilé. Bàbá lè máa lo Windows, ọmọ tí ó wà ní Yunifásítì Akoka lè máa lo Linux, kí àbúrò yín sì ní Mac. Internet Download Manager tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, Windows nìkan ni ó bá mu, owó ni a sì fi ń rà á. Èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, tí wọ́n ń pín fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó wọlé yín. Ta ni ó mọ ohun tí ẹni tí ó já a fi sínú rẹ̀? Free Download Manager àti JDownloader ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi lé ìyá ilé lọ́wọ́, nítorí pé kò ṣòro lò. JDownloader dára fún ẹni tí ó ní fáìlì púpọ̀ láti gbà, ṣùgbọ́n ó wúwo fún kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì tún ṣọ́ra níbẹ̀. Ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ Kaspersky fi hàn pé láàárín 2020 sí 2022, àwọn olè ti darí díẹ̀ nínú àwọn oníLinux láti ojúlé Free Download Manager lọ sí ibòmíràn, níbi tí wọ́n ti gba ayédèrú tí ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà. Nítorí náà, kí oníLinux gba tirẹ̀ láti inú àká Linux fúnra rẹ̀. uGet wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ dín iyára rẹ̀ kù lọ́sàn-án, kí ó má baà gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ra dátà òru lè yan wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì fúnra rẹ̀, bí bátìrì bá ṣáà kún.