Ó Yẹ Kí Àwọn Kánsù Ìbàdàn Jọ Ní Ìpín Nínú Omi Ẹ̀rọ

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó tí ó tọ́ sí àwọn kánsù máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ìdájọ́ náà dùn mọ́ wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wá pé kànga ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú owó náà yóò bá lọ. Alága á gbẹ́ ẹ, wọn á fi ọ̀dà ẹgbẹ́ kùn ún, wọn á ya àwòrán. Nígbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, alága ti kúrò lórí oyè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo Ìbàdàn. Títí di 1991, kánsù kan ṣoṣo ni ó wà ní àárín ìlú. Ọdún náà ni ìjọba ológun pín in sí 5. Bí a bá ka Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà mọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ di 11. Wọ́n pín ìlú, wọn kò lè pín páìpù. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí a kọ́ ní 1942 àti ti Àṣẹ́jíré lórí odò Ọ̀ṣun ni orísun omi ẹ̀rọ wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan ni ó sì ni í.

Ní ilẹ̀ Hóláǹdì, òfin kò gbà kí aládàáni ni ilé-iṣẹ́ omi mímu. Ilé-iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní. Àwọn kánsù àti ìpínlẹ̀ ni ó ni ìpín inú wọn. Vitens, tí ó tóbi jùlọ, ń pọn omi fún ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 5 lọ. Kánsù a máa rán aṣojú lọ sí ìpàdé àwọn onípín láti yẹ ìṣirò owó wò àti láti yan àwọn alábòójútó. Àwọn onímọ̀ tí a gbà síṣẹ́ ni ó ń darí ẹ̀rọ.

Ibi tí ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpín. Bí a bá fi iye ènìyàn pín ìbò, àwọn kánsù àárín ìlú lè gbé Ìdó àti Làgelú mì. Bí ó bá jẹ́ ìbò kan fún kánsù kan, ẹni tí ó dá owó púpọ̀ yóò kùn. Lójú tiwa, kí a fi iye ènìyàn dá owó, ṣùgbọ́n kí iye owó omi àti ibi tí páìpù tuntun yóò gbà máà yí padà àfi bí kánsù 7 bá fọwọ́ sí i. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìpín, nítorí òun ni ó ni ìsédò, ṣùgbọ́n kí tirẹ̀ máà ju ìdajì lọ, kí ọ̀rọ̀ àwọn kánsù má baà di ti ẹnu lásán.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kánsù tí kò lè kó ìdọ̀tí, tí òfin 1999 fi lé e lọ́wọ́, ṣe lè bójú tó omi? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì korò. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé ìdánwò ni kí a fi gba olùdarí, kì í ṣe káàdì ẹgbẹ́, kí a sì lẹ ìṣirò owó mọ́ ẹnu ọ̀nà kánsù kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, níbi tí olùkọ́ àdúgbò ti lè kà á fún ará ilé rẹ̀.

Kí ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀ tó jáde, kí àwọn alága 11 pàdé ní Gbọ̀ngàn Mápó, kí wọ́n sì gbé àbá òfin náà lọ bá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.