Liu Xiaobo: àga tó ṣófo ní Oslo

Olùkọ́ bíi tiwa ni Liu Xiaobo. Yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Pékin, ní Ṣáínà, ló ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1989, Amẹ́ríkà ló wà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí gbàgede Tiananmen pé òmìnira làwọn ń fẹ́. Ó padà wálé. Lóru tí àwọn ṣọ́jà dé, ó wà lára àwọn tó bẹ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má bàa kú. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi san án fún un, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2008, òun àtàwọn mìíràn gbé ìwé kan jáde, Charte 08: kí ará ìlú máa dìbò yan olórí, kí adájọ́ má gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣé ìbọn wà nínú ìyẹn? Ọjọ́ Kérésì 2009 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún un. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010, orí àga tó ṣófo ni wọ́n gbé ìwé ẹ̀bùn náà lé.

Ti ìyàwó rẹ̀, Liu Xia, ló dùn wá jù. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi, síbẹ̀ wọ́n sé e mọ́lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 8. Ìjọba tó ń fi ọlọ́pàá ṣọ́ obìnrin akéwì kan nínú ilé rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á, àwa ò mọ orúkọ mìíràn tá a lè pè é.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa ọkọ rẹ̀ ní oṣù keje 2017, ẹ̀wọ̀n náà kò tíì pé. Inú òkun ni wọ́n da eérú rẹ̀ sí. Kò ní ibojì tí èèyàn lè lọ dúró tì. Ọdún kejì ni wọ́n tó jẹ́ kí Liu Xia wọ bàálù lọ sí Jámánì.